Abọ́ Kan, Ẹnu Kan

"Kí lo jẹ?"

Ìgbà kẹrin nìyí tí Olùtọ́jú bi Saule ní ìbéèrè kan náà, ohùn rẹ̀ kò le sí i, kò sì rọ̀ sí i. Ẹ̀rọ ni. Apá irin mẹ́rin ló ní, àti ojú kan ṣoṣo tó ń tàn bí ìdí ìgò, ó sì tẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọbìnrin náà bí ẹni tó ń wá nǹkan tó já sí kànga.

"Oúnjẹ mi," ni Saule wí. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí ewé ìbẹ́pẹ tó fẹ́ já.

"Nínú abọ́ ta ni?"

"Nínú abọ́ mi."

"Kò sí ohun tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ nínú abọ́ rẹ. Mo tún béèrè. Kí lo jẹ?"

Mọrádékẹ́ ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn gíláàsì. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ tí wọ́n ti gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé ló ti wà lórí ìdúró, kò jókòó, kò fara ti ògiri. Nínú gbogbo ilé ìtọ́jú yẹn, òun nìkan ló mọ̀ dájú pé irọ́ ni Saule ń pa, nítorí òun ni Saule sì ṣe ń pa á.

Lókè orí Saule, nọ́ńbà kan ń tàn lára ògiri. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, mọ́kànlá ni. Ó ti di mẹ́jọ báyìí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kà, èyí tó kù tó ṣì lágbára nínú ara rẹ̀. Mọrádékẹ́ kò gbójú kúrò lára nọ́ńbà náà, bí àwọn ará Obe-Ajímọ́, ìlú rẹ̀, kì í ti í gbójú kúrò lára òkun bí oṣù kẹsàn-án bá wọlé, tí omi bá ń wo ìlẹ̀kùn ilé wọn.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu gíláàsì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un lóògùn!"

Ojú kan ṣoṣo náà yí sí i. "Oògùn mẹ́ta ló wà tó lè dá èyí dúró. Ọ̀kan nínú wọn ló máa gbà á là. Méjì tó kù á pa á kó tó dọ̀sán. Bí n kò bá mọ ohun tó jẹ, n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ṣé ìwọ mọ ohun tó jẹ?"

Mọrádékẹ́ la ẹnu láti dáhùn. Kó tó rí nǹkan sọ, ẹnì kan gbá a mú ní ìgbọ̀nwọ́ láti ẹ̀yìn.

"Kò mọ nǹkan kan," ni onítọ̀hún dá ẹ̀rọ náà lóhùn, ó sì fà á lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Akínṣẹyẹ ni. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni, ọdún kẹfà rẹ̀ rèé ní Yunifásítì Fẹnhọ́ọ̀mù, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí omi tó ti jẹ́ yìnyín rí, níbi tí oòrùn kì í wọ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òun ló ṣe onídùúró fún Mọrádékẹ́ kí ìgbìmọ̀ tó gbà á wọlé. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró ṣinṣin lórí títì tó ń gbé èèyàn lọ, àti bí wọ́n ṣe ń ti ògbufọ̀ bọ etí, kí èdè gbogbo ayé lè di ohun téèyàn ń gbọ́. Òun ló sì kìlọ̀ fún un pé kó yéé kí àjèjì lójú pópó. "Wọ́n á rò pé o fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ wọn ni."

"Yọ ògbufọ̀ etí ẹ," ó sọ báyìí. Ó ti yọ tiẹ̀, ó ká a mọ́ ìkúùkù. Láìsí ògbufọ̀, àwọn ògiri ibẹ̀ kì í lóye èdè wọn.

Mọrádékẹ́ yọ tirẹ̀. "Bọ̀dá, inú abọ́ mi ló ti jẹun."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ṣé imú mi ti kú ni? Mo yà sí yàrá yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, èéfín pupuru ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí n bá ẹ wí, mo tún ní ọmọ ọ̀hún á ti gbọ́n." Ó fi ọwọ́ nu ojú láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ẹ̀bi tèmi náà wà ńbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n wọlé kí n sọ."

"Kí o sọ kí ni? Mọrádékẹ́, gbọ́ mi. Tó o bá lanu báyìí, ọkọ̀ aago mẹ́rin ni wọ́n á tì ẹ́ sí. Ìyẹn ṣì kéré. Lẹ́yìn tèmi tó ń parí lọ yìí, ìjókòó kan ṣoṣo ni wọ́n fún gbogbo etí òkun wa nílé ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tí wọ́n bá lé torí abọ́, wọ́n á ti ìjókòó rẹ̀ pa fún ogún ọdún. Ogún ọdún! Obe-Ajímọ́ á ti dé ibo nígbà yẹn? Èmi tí mo dúró fún ẹ, wọn ò ní fún mi níwèé ẹ̀rí mi lóṣù tó ń bọ̀. Ta ló wá fẹ́ gbé ògiri yẹn dé ilé?"

Nítorí ògiri náà ni gbogbo ìrìn àjò yìí ṣe wáyé. Ní Fẹnhọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń gbin ògiri sínú òkun, ògiri tó ń mí, tó ń dàgbà bí omi bá ṣe ń ga. Nígbà tí Mọrádékẹ́ wà lọ́mọdé, ìlà ilé méje ló wà láàárín ilé bàbá rẹ̀ àti omi, a sì máa sáré lórí afárá pátákó láti ìlà dé ìlà, tí àwọn àgbà á máa pariwo pé kó rọra. Ìlà kan ló kù lọ́jọ́ tó kúrò nílé. Ilé ẹ̀kọ́ ti lọ, sàréè bàbá rẹ̀ ti lọ. Gbogbo ìlú ló sìn ín dé etí ọkọ̀, kò sì sí ẹni tó sọ pé kó ra nǹkan bọ̀ fún òun. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Kọ́ ọ dáadáa o."

"Saule ńkọ́?" ló béèrè.

"Saule ti sọ tiẹ̀. Ó ní abọ́ òun ni. Ọmọlúàbí lọmọ yẹn. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró."

"Bó bá kú ńkọ́, Bọ̀dá?"

Akínṣẹyẹ wo ògbufọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé èsì wà níbẹ̀. "Àwọn ẹ̀rọ yìí gbọ́n," ó sọ níkẹyìn. "Wọ́n á rí i fúnra wọn."

Ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń dun Mọrádékẹ́ ni pé kì í ṣe agídí ló kó o dé ibi tó dé yìí. Ẹ̀kọ́ ilé ni.

Lórí gbogbo ìlẹ̀kùn ní Fẹnhọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ ọ́ sí: Abọ́ Kan, Ẹnu Kan. Láti ìgbà Àjàkálẹ̀, tí ìkòkò ọbẹ̀ kan pa gbogbo ará òpópónà kan tán, inú oúnjẹ ni wọ́n ti ń fún èèyàn lóògùn níbẹ̀, wọ́n sì ń po ti oníkálukú bí ara rẹ̀ bá ṣe rí. Orúkọ rẹ wà lára abọ́ rẹ, àtàǹpàkò rẹ nìkan ló ń ṣí i. Àpótí gíga kan báyìí, bíi kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, lo máa wọ̀ láti jẹ ẹ́, ìlẹ̀kùn á tì mọ́ ẹ, wàá dojú kọ ògiri. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jẹun lójú ẹnì kejì. Bí wọ́n bá rí èérún oúnjẹ lẹ́nu rẹ lójú títì, ojú á tì wọ́n fún ọ, wọ́n á yíjú.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Mọrádékẹ́ wọ àpótí náà, ẹkún ló sun. Bí olè ló ṣe rí lójú ara rẹ̀, ẹni tó fi ẹran pamọ́ fún ọmọ ìyá rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló fi ń jẹun bẹ́ẹ̀, ó sì ń rù. Níkẹyìn ó fi abọ́ rẹ̀ sábẹ́ aṣọ òtútù, ó gbé e wọ yàrá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ilé ìdáná ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fi èéfín yan, fún un. Kò jọ ti ilé, ṣùgbọ́n òórùn èéfín wà lára rẹ̀ díẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu òkèlè kejì nígbà tí Saule tí wọ́n jọ ń gbé yàrá wọlé.

Ọmọ Kasakisítánì ni Saule, láti ilẹ̀ pápá gbalasa tí kò rí òkun rí. Òun pẹ̀lú wá kọ́ nípa omi, nítorí pé tiwọn ti gbẹ. Mọrádékẹ́ gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ sì sọ ohun tó ti ń sọ láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ:

"Wá jẹun."

Ní Obe-Ajímọ́, ọmọ ọdún mẹ́ta mọ èsì rẹ̀. Wàá ní, "Á gba ibi ire," wàá sì bá tìrẹ lọ. Ẹni tó pè ọ́ kò retí pé kí o jókòó, ìwọ náà kò sì jẹ́ retí pé kó má pè ọ́. Bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe mọ̀ pé ẹ rí ara yín nìyẹn.

Saule kò mọ èyí. Ó ti ìlẹ̀kùn. Ó fọ ọwọ́ dáadáa, ó jókòó, ó bu òkèlè kan, ó fi í sẹ́nu.

Mọrádékẹ́ tẹjú mọ́ ọn. Kí lèèyàn fẹ́ wí? Dá a padà? Mi ò pè ọ́ dénú? Ojú tì í títí dé ẹsẹ̀.

"Nílé wa," ni Saule sọ, tó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ̀lú ìṣọ́ra, "bí wọ́n bá pè ọ́ sídìí oúnjẹ, tó o kọjá láì fẹnu kàn án, èébú ni. Ìyá ìyá mi ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé. Kí lèyí? Ó ń rùn bí iná wa."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì Mọrádékẹ́ tún pè é, torí ẹnu ti mọ́ ọn lára. Saule jẹ òkèlè mẹ́rin, ó sì ń sọ ìtàn ìyá ìyá rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé wọn bá fẹ́ rìnrìn àjò, màmá àgbà á gbé búrẹ́dì sí i lẹ́nu, onítọ̀hún á gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi aṣọ wé ìyókù, wọ́n á gbé e kọ́ ògiri. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí onítọ̀hún á fi padà wá jẹ ẹ́ tán. "Tèmi wà ńbẹ̀ báyìí," ó wí. "Á ti le bí òkúta. Eyín mi á kán síbẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Mọrádékẹ́ fi di ẹnu mú kí ògiri má baà gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, "wá jẹun" tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ó fẹ́ kó jókòó ni. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn báyìí. Ó mọ̀ pé wọ́n ń po oògùn ibà mọ́ tòun, oògùn líle tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀dọ̀ àwọn ará ilẹ̀ gbígbóná. Wọ́n kọ ọ́ sídìí abọ́. Ó kà á. Ó ní kí ni òkèlè díẹ̀ fẹ́ fi ọmọ ṣe?

Nígbà tí òun àti Akínṣẹyẹ padà dé ìdí gíláàsì, nọ́ńbà ti di mẹ́fà.

Ìyáàfin Íngà ti wà níbẹ̀. Òun ni olórí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, arúgbó tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í bínú. Ó mú pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání, èyí tí wọ́n fi ń gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. Mọrádékẹ́ tún ògbufọ̀ rẹ̀ tì bọ etí.

"Ìwọ lo ń bá a gbé yàrá," ni Ìyáàfin Íngà wí. "Bí nọ́ńbà yẹn bá dé mẹ́rin, Olùtọ́jú á jáwọ́ lára rẹ̀, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsàn tí a kò mọ ìdí rẹ̀ ni. Kí n tó kọ ọ́, mo gbọ́dọ̀ bi ọ́. Ṣé o rí i kó jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀? Gbé ọwọ́ lé e kí o tó dáhùn."

Mọrádékẹ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pátákó náà. Ó tutù. Ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀, tàn yòò ní àwọ̀ ewé.

Ó wo Akínṣẹyẹ. Gbogbo ara ni ọkùnrin náà fi ń bẹ̀ ẹ́.

Ó wo inú gíláàsì. Saule ti yí orí sí wọn. Kò lágbára tó láti gbé e, síbẹ̀ ó ń mì í lórí ìrọ̀rí, díẹ̀díẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì: rárá. Rárá.

Nọ́ńbà náà ṣẹ́jú. Ó di márùn-ún.

"Mo ń retí," ni Ìyáàfin Íngà wí.

Mọrádékẹ́ rí ìlà ilé kan ṣoṣo tó kù. Ó rí ìyá rẹ̀ níwájú rẹ̀, tó ń gbá iyanrìn òkun kúrò ní yàrá láràárọ̀ bí ẹni pé eruku lásán ni. Ó rò ó pé bóyá ẹ̀rọ á rí i fúnra rẹ̀ lóòótọ́. Ó rò ó fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì mọ̀ pé bí òun bá mí lẹ́ẹ̀kejì láì sọ̀rọ̀, òun ò ní sọ ọ́ mọ́.

"Inú abọ́ mi ló ti jẹun," ó wí. "Ìgbà mẹ́ta. Òun kọ́ ló béèrè, èmi ni mo pè é. Oògùn ibà tí ẹ fi sí tèmi ló wà lára rẹ̀. Ẹ tètè, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè."

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí apá irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń lọ. Ọ̀kan di apá Saule mú, ọ̀kan fa ìgò kan yọ lára ògiri, omi aláwọ̀ ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ nínú rọ́bà. Saule di ojú. Omijé ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀.

Ẹ̀gbà ọwọ́ Mọrádékẹ́ tàn, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Kò dùn ún. Lẹ́yìn rẹ̀, Akínṣẹyẹ fi ẹ̀yìn yọ̀ kalẹ̀ lára ògiri títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún.

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá."

"Má bá mi sọ̀rọ̀," ó wí. "Má tíì bá mi sọ̀rọ̀."

Ní aago mẹ́ta ààbọ̀ wọ́n mú Mọrádékẹ́ padà wá sí ilé ìtọ́jú. Òfin fún ẹni tó ń lọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti dágbére. Wọ́n ti gba ìwé rẹ̀ gbogbo, àwòrán ògiri tó yà, èso ògiri tó gbìn sínú ìgò. Aṣọ ọrùn rẹ̀ àti àpò kékeré kan ló kù, pẹ̀lú búrẹ́dì ojú ọ̀nà kan tó ní bébà orúkọ rẹ̀ lára.

Akínṣẹyẹ ló gbé àpò rẹ̀. Ojú rẹ̀ wú. "Ìpele àkọ́kọ́ ògiri yẹn," ó sọ láì wò ó, "iyọ̀ mélòó sí àmọ̀ mélòó?"

"Mẹ́ta sí méje, Bọ̀dá. Ní omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́."

"Tó sì ń ṣàn. Kì í ṣe èyí tó dúró. Má gbàgbé ìyẹn." Ó gbé àpò náà sí èjìká kejì. "Mo máa ka ìyókù fún ẹ títí dé ẹnu ọkọ̀. Há a sórí. Wọn ò lè tú orí wò."

Ìlẹ̀kùn gíláàsì ṣí. Nọ́ńbà orí ògiri ti padà di méje. Ojú Saule ṣì pọ́n, ṣùgbọ́n ó jókòó, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn.

"Òmùgọ̀ ni ẹ́," ni Saule wí.

"Mo mọ̀."

"Ilé rẹ ńkọ́? Òkun ńkọ́?"

Mọrádékẹ́ jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ìṣẹ́jú kan ti lọ kí Saule tó rí búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Gé e jẹ," ó wí. "Kí o fi ìyókù sílẹ̀ fún mi."

Ìyáàfin Íngà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà na ọwọ́ síwájú lójú ẹsẹ̀. "Abọ́ kan, ẹnu kan. Ṣé ẹ kò tíì kọ́gbọ́n ni?"

"Kò ní jẹ ẹ́, mà," ni Mọrádékẹ́ wí.

"Oúnjẹ ni. Kí ló tún fẹ́ fi oúnjẹ ṣe?"

"Ó máa gbé e kọ́ ògiri."

"Fún kí ni?"

"Títí n ó fi padà wá jẹ ẹ́ tán, mà."

Arúgbó náà wo ẹ̀gbà pupa tó wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Kò sí ẹni tí wọ́n fi èyí lé lọ tó padà wá rí, gbogbo wọn ló sì mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ó rìn wá, ó gba búrẹ́dì náà, ó bó bébà orúkọ kúrò lára rẹ̀, ó rún un sínú àpò, ó sì dá búrẹ́dì náà padà.

"Ohun tí kò bá ní orúkọ lára," ó sọ, "kò sí nínú ìwé mi pé oúnjẹ ni." Ó lọ síbi fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń wo omi.

Mọrádékẹ́ gbé búrẹ́dì náà sẹ́nu. Ó le bí pátákó, kò sì ní iyọ̀. Saule ti na aṣọ ìnujú rẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúró. Mọrádékẹ́ la ẹnu dáadáa, ó gé e jinlẹ̀, kí àmì eyín rẹ̀ lè hàn lára ìyókù.